Ọmọ Tí Ẹja Gbé Lọ

Nínú àlọ́ tí Ìyá Àrínpé máa ń pa fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó tú ká, ọmọ tí ẹja gbé lọ padà wálé, ìyá rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn fún un. Lálẹ́ yìí, ó dá jókòó, ó ń wo àlọ́ náà nínú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ti yí i padà: ọmọ ń kanlẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ sì fi àga dí ìlẹ̀kùn.

"Ìyá burúkú!" ni Ìyá Àrínpé pariwo. "Ṣebí ọmọ rẹ ni! Ṣílẹ̀kùn fún un!"

Iná lọ. Tẹlifíṣọ̀n kú, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ṣì ń dún. Omi tútù ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn tirẹ̀ wọlé, pẹ̀lú òórùn ẹja.

"Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́?" ni ohùn kan wí láti ìta.

Ìyá Àrínpé kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbá àga mú.