Ààbò Mẹ́ta Lórí Kọ̀ǹpútà Bàbá Ìbejì

Bàbá Ìbejì ò fi ọ̀rọ̀ olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣeré rárá.

Gbogbo gúrúùpù orí fóònù rẹ̀ ló ti kéde sí pé òun ń wá ojúlówó ààbò fún kọ̀ǹpútà ilé òun.

Láàárọ̀ yìí, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan wá kan ilẹ̀kùn, ó ní òun ti dé.

Ó jókòó, ó ń to ààbò lé ààbò bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù. Èyí ń pa kòkòrò, èyí ń ṣọ́ ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì.

“Ṣé ó ti tó?”

“Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀kẹta lé e, Bàbá. Ojú olè òde òní ti là.”

“O káre, ọmọ mi.”

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi tútù wọlé. Kíá, Bàbá Ìbejì fọwọ́ méjèèjì bo kọ̀ǹpútà.

“Ìyá Ìbejì, kọjú sí ògiri. Páásìwọ́ọ̀dù la fẹ́ tẹ̀, ẹnu rẹ ò sì gba àṣírí.”

Ó kọjú sí ògiri. Ọkọ rẹ̀ wá rọra sọ páásìwọ́ọ̀dù sí oníṣẹ́ létí, títí kan ti báńkì.

Oníṣẹ́ parí iṣẹ́, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó lọ.

“Ọmọlúwàbí gidi,” ni Bàbá Ìbejì wí. “Ibo lo ti bá mi rí i?”

Ìyá Ìbejì ò tíì yíjú kúrò lára ògiri.

“Èmi kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ pè é.”