Igi Kékeré Tó Wà Níwájú Ọ̀rọ̀

Ní 1993, ẹnìkan fi ilé tí Adéníran àbúrò mi sá sí ní Kodjoviakopé ní Lomé han àwọn sójà.

Wọ́n mú un lọ. Kò padà wá mọ́.

Mi ò tíì dárí ji ẹni náà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ní àwọn tó sá lọ sí Aflao ní Ghana nígbà náà ti sọ ohun tí ojú wọn rí, pé ó ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mo fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí Faransé tó yé mi, torí náà Ìyá Oyin, ìyàwó mi, ló ń bá mi wá a lórí fóònù.

Ó tẹ Kodjoviakopé. Ó tẹ filetype:pdf, kó lè jẹ́ odidi ìwé nìkan ni yóò jáde. Ó wá tẹ -nago.

"Kí ni igi kékeré yẹn?"

"Ó ń yọ ọ̀rọ̀ tí a ò fẹ́ kúrò. Àbí Nago ni yín, Bàbá Oyin?"

"Èmi ọmọ Ọ̀yọ́? Yọ ọ́ dànù."

Ìwé ń jáde, kò sí èyí tó kàn wá.

Láàárọ̀ yìí, ọkàn mi ò balẹ̀. Ta ló mọ̀ wá sí ọmọ Ọ̀yọ́ ní Lomé? Nago ni wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbí.

Mo pa igi kékeré náà rẹ́.

Ìwé kan jáde. Mo gbé fóònù fún Ìyá Oyin pé kó kà á fún mi.

Kò gbà á.

"Ẹ má wulẹ̀ ṣí i. Wọ́n gbé ìbọn lé Oyin lórí. Èmi ni mo fi ilé náà hàn wọ́n."