Sípíkà Keje

Ilé iṣẹ́ ọnà kékeré kan ní Port Lincoln, ìlú apẹja kan létí òkun, ló gba Bronte Halloran, oníṣẹ́ ọnà láti ìlú Adelaide, lálejò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n fún un ní yàrá tí yóò máa sùn sí àti gbọ̀ngàn tí yóò fi ṣe àfihàn. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ló fi rìn ká àwọn èbúté, tó ń gba ohùn àwọn apẹja sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kò bèèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó so sípíkà méjìlá rọ̀ nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn náà, ohùn ọkùnrin kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń súfèé, òmíràn ń bú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni keje ń kùn orin kan sínú, ó ń húkọ́ díẹ̀ láàárín orin náà.

Ọjọ́ Ẹtì ni káńsù ìlú fẹ́ wá ṣí àfihàn náà. Lọ́jọ́ Ajé, ìyá àgbà kan wọlé, ó rìn yípo, ó dé abẹ́ sípíkà keje, ó sì dúró gbọn-in. Gwenda, alábòójútó ilé náà, fa Bronte wọ ilé ìdáná.

"Ọmọ Adelaide, wàhálà dé. Ṣé o mọ ìyẹn?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n."

"Neda Vodanić ni, olórí àwọn opó apẹja. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ọkọ̀ Ante ọkọ rẹ̀ ti rì. Wọn ò rí òkú. Orúkọ ẹ̀ ló wà lókè pátápátá lára òkúta ìrántí létí omi. Tó bá lè sọ pé ohun tó o gbé kọ́ síbí tún ń ṣí ojú egbò àwọn opó, káńsù á tilẹ̀kùn yìí kí tíì mi tó tutù."

"Ẹ má dẹ́rù bà mí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò dẹ́rù bà ẹ́. Ẹni tó wá ya àwòrán ọkọ̀ tó rì síbí lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ méjì péré ló lò kí wọ́n tó lé e."

Neda tún wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wá lọ́jọ́rú. Kì í kí ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ló ń jókòó sí tòun ti kóòtù lọ́rùn, títí wọ́n á fi tilẹ̀kùn. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ara Bronte ò gbà á mọ́. Ó po tíì, ó gbé e lọ.

"Màmá, ẹ mu díẹ̀."

"Gbé e sílẹ̀."

"Tí ohun kan bá wà níbí tó ń bí yín nínú, ẹ sọ fún mi. Mo lè yọ ọ́."

Obìnrin náà gbójú sókè. "Fọwọ́ kàn án wò. Èmi pẹ̀lú ẹ ni."

Bronte sáré lọ sọ fún Gwenda. Gwenda mirí.

"Ó fẹ́ kí káńsù fetí ara wọn gbọ́ ọ ni. Di ẹrù ẹ sílẹ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn èèyàn káńsù ti di ife wáìnì mú nígbà tí Neda wọlé pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, àwọn géńdé tó wọ bàtà iṣẹ́.

"Pa àwọn tó kù," Neda wí fún Bronte.

"Màmá, ẹ dákun..."

"Mo ní pa wọ́n! Fi keje nìkan sílẹ̀."

Bronte lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ohùn mọ́kànlá dákẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Orin tí wọ́n ń kùn náà ló ṣẹ́ kù, àti ikọ́ yẹn. Stipe, àkọ́bí, dẹtí sí i. Ojú rẹ̀ funfun bí eérú. Ó wo ìyá rẹ̀, ó sì mi orí lẹ́ẹ̀kan pé bẹ́ẹ̀ ni. Alága káńsù gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde.

"Ibo lo ti gba eléyìí?" Neda bèèrè.

"Èbúté Thevenard ni, màmá, lóṣù Fẹ́búárì tó kọjá yìí. Ọkùnrin kan ni, ó ń tún àwọ̀n ṣe."

Neda de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ títí dé ọrùn, ó yíjú sí Stipe, ó ní, "Lọ gbé mọ́tò wá, bàbá yín wà ní Thevenard."