Onígìtá Tó Fi Ariwo Bo Ohùn Àbúrò Rẹ̀ Mọ́lẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ̀yin olórin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà pé ẹni tó bá pariwo jù ni ayé ń gbọ́, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Onígìtá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ààrá. Òun ló dá ẹgbẹ́ olórin wọn sílẹ̀, ẹni márùn-ún sì ni wọ́n. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń kọrin fún wọn. Olóhùn-Iyọ̀ ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Bó bá fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin, àwọn tó ń jẹun á gbé ṣíbí sílẹ̀. Ààrá ló kọ́ ọ lórin láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà.

2.
Ìyá kan ló ń bá wọn tún ohùn ṣe níbi tí wọ́n bá ti lọ ṣeré. Ìyá Onísáùndì ni gbogbo wọn mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló máa ń jókòó sí, níwájú ẹ̀rọ tó kún fún bọ́tìnì, á máa wọn ohùn olúkúlùkù kí ọ̀kan má bàa gbé èkejì mì. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, á ní kí kálukú dán tiẹ̀ wò díẹ̀, kó lè fi mọ ibi tó máa gbé e sí.

Ibẹ̀ ni Ààrá ti ń dọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Tí wọ́n bá ń wọn ohùn, á rọra máa ta gìtá bí ẹni tí ò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Bí eré bá wá bẹ̀rẹ̀, á kẹ́yìn sí èrò, á yí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá rẹ̀ jáde, tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí pèpéle, sókè. Bó bá ti yí i, onílù ò ní gbọ́ ara rẹ̀ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo agbára lu ìlù. Onígìtá báàsì náà á yí tiẹ̀. Onídùùrù ò ní gbẹ̀yìn. Kí orin kejì tó parí, orí pèpéle ti di ojú ogun! Àárín gbogbo wàhálà yẹn ni Olóhùn-Iyọ̀ á wà, tí iṣan ọrùn rẹ̀ á ti le tantan bó ṣe ń fi ipá kọrin kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

Ìyá Onísáùndì bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi sú u.

"Ààrá, mo ti yọ gìtá rẹ kúrò nínú àwọn spíkà ńlá pátápátá, síbẹ̀ òun náà ni gbogbo ilé ń gbọ́. Mi ò lè dín ohun tí ò sí lọ́wọ́ mi kù. Tí mo bá sì gbé ohùn ọmọ yìí sókè ju báyìí lọ, ẹ̀rọ á máa súfèé. Dákun, bọ́ sílẹ̀ díẹ̀."

"Ẹ yọ mí kúrò kẹ̀?" Inú bí Ààrá. "Àṣé ìlara mi lẹ ń ṣe!"

Ẹ gbọ́ ẹnu!

3.
Ìgbà tó yá, ohùn Olóhùn-Iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Dọ́kítà yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó ní egbò wà níbi tí ohùn ti ń jáde. Kó sinmi oṣù mẹ́ta. Tó bá tún fi ipá kọrin, ohùn náà lè lọ, kó má padà mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n lọ ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá kan tí Ààrá ti ń fọkàn sí láti ọdún pípẹ́. Ó lọ bá àbúrò rẹ̀ ní yàrá, níbi tó ti ń mu omi gbígbóná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ọjọ́ kan péré ni. Ṣe é nítorí tèmi."

"Tẹ́ ẹ bá máa ta gìtá jẹ́jẹ́, màá kọ ọ́. Ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí."

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́ o, torí ó fẹ́ràn ọmọ náà bí ojú.

4.
Ọjọ́ pé. Ọ̀sán gangan ni, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Orin méjì àkọ́kọ́ dùn, àfi bí oyin. Ààrá ń ta gìtá jẹ́jẹ́, ohùn àbúrò rẹ̀ ń lọ geere lórí ẹ̀. Àwọn èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ààrá wo iwájú, ó wo ọ̀tún, kò sẹ́ni tó ń wo òun. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó kẹ́yìn sí èrò. "Díẹ̀ péré," ló wí sínú, ó sì yí ẹ̀rọ gìtá rẹ̀ sókè.

Onílù gbọ́, òun náà gbé tiẹ̀ sókè. Báàsì tẹ̀ lé e. Ìyá Onísáùndì dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe pé kí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Ààrá ṣe bí ẹni tí ò rí i. Olóhùn-Iyọ̀ yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó di ojú, ó ya ẹnu, ó sì fi gbogbo ara kọ ọ́.

Láàárín orin, ohùn náà já.

Ààrá rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. "Ẹ gbé ohùn ẹ̀ sókè!" ló pariwo. Ìlù dákẹ́, dùùrù dákẹ́. Ààrá pa gìtá rẹ̀. "Ẹ gbé e sókè, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

"Mo ti gbé e dé òpin, Ààrá," ni Ìyá Onísáùndì dáhùn. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Èémí ọmọ náà nìkan ni gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́.

5.
Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n lo oògùn, ohùn náà ò padà. Olóhùn-Iyọ̀ ò lè sọ̀rọ̀ kọjá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ariwo ọjọ́ pípẹ́ sì ti ba etí Ààrá náà jẹ́, tọ̀sán-tòru ló ń hó yee.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ síwájú àbúrò rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Àbúrò mi, ṣé o lè dárí jì mí?"

"Mo ti dárí jì yín," ló wí.

"Kí lo wí?"

Ó tún un wí. Ààrá gbé etí sún mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kí lo wí? Jọ̀ọ́, mi ò gbọ́."

Ó wí i lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀fun ń dùn ún, ó sì yíjú sí ògiri. Ààrá rò pé ó kọ̀ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹni tó ń gbọ́ ohun tẹ́ ò gbọ́ bá ní kẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ má fi ariwo tiyín pa ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn lẹ́nu mọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.