Sístà Ẹ-Tún-un-Sọ

Inú yàrá tí dókítà àgbà ti máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wá tẹ́ òun náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkàn rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ fi ìyàwó rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé bó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, yóò padà sílé. Oògùn méjèèjì kò ṣàjèjì sí ìyàwó: funfun pẹlẹbẹ kan tó ní ìlà láàárín, àti pupa kan tó rí roboto bí ẹ̀wà. Òun ló ń fún un nílé tẹ́lẹ̀, kí ilé ìwòsàn tó gba ìyókù lọ́wọ́ wọn, torí nọ́ọ̀sì nìkan ni òfin gbà láyè láti fún aláìsàn lóògùn níbẹ̀. Ìrọ̀rí nìkan ni wọ́n jẹ́ kó gbé wá. Nígbà tó fẹ́ bọ́ àpò ìrọ̀rí náà lọ fọ̀, ọkọ rẹ̀ ní kó fi sílẹ̀, òórùn ilé lòun ń gbọ́ lára rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn ni gbogbo wọn ń pè ní Sístà Ẹ-Tún-un-Sọ. Bí dókítà kankan bá sọ iye oògùn fún un, kò ní kúrò lójú kan, àfi kó kọ́kọ́ ní, “Ẹ tún un sọ, sà.” Àwọn dókítà kéékèèké a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ọ̀gá nọ́ọ̀sì, òun ṣì ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn kiri.

Yóò dárúkọ oògùn, yóò dúró kí aláìsàn gbé e mì, yóò ní, “Ya ẹnu,” yóò sì wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà àgbà, yóò dárúkọ oògùn, yóò kúnlẹ̀ díẹ̀, yóò kó o lé e lọ́wọ́, yóò sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá. Ta ló máa ní kí ọ̀gá ya ẹnu? Dókítà àgbà a kọjú sí ògiri, a ní kí ìyàwó òun bu omi wá.

Ara rẹ̀ kò yá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ ń kúrú. Wọ́n fi kún oògùn náà, àìsàn tún ń le sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fa ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́ra. “Ṣé o rántí ọmọ tó kú lọ́jọ́sí, tí wọ́n ní nọ́ọ̀sì fún lóògùn jù?”

Ìyàwó ní òun rántí. Ó rántí pé wọ́n dá nọ́ọ̀sì náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan.

“Obìnrin tó ń fún mi lóògùn yìí ni. Èmi ni mo pè é lórí fóònù, iye tí mo sọ fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ti ọmọdé lọ. Ó bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni, mo jágbe mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n pè wá, mo ní n ò sọ bẹ́ẹ̀.”

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Lọ́jọ́ náà, ìka tó wà nítòsí ni wọ́n gé.

Ìyàwó kò ronú kan ọmọ tó kú. Ẹ̀rù ló bà á. Ó ní kí ọkọ òun bẹ àwọn ọ̀gá kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò nọ́ọ̀sì náà.

“Kí n ní kí ló fà á?” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Oògùn sì máa ń jọ oògùn.”

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó ṣọ́ Sístà. Sístà kó oògùn fún dókítà àgbà, ó wá tẹjú mọ́ ọn ju bó ti máa ń ṣe lọ.

“Ṣé ẹ ń lò ó, sà?”

“Mò ń lò ó.”

Sístà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ. Ẹ̀rín yẹn ló mú kó dá ìyàwó lójú. Obìnrin náà ń fẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tutọ́ funfun jáde.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Kò sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ jẹ́wọ́. Ó kàn ní láti ìgbà tí obìnrin náà ti ń fún un lóògùn ni àìsàn ọkọ òun ti ń le sí i. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì mirí, ó ní ó kúkú ti ṣe irú ẹ̀ rí. Wọ́n gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ Sístà níṣojú gbogbo aláìsàn. “Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe fún un,” ló wí. Ohun tó sọ nígbà tí ọmọ yẹn kú náà nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́ nígbà náà.

Kí nọ́ọ̀sì tuntun tó ti kẹ̀kẹ́ dé ibi fèrèsé lálẹ́ ọjọ́ náà, dókítà àgbà ti kú.

Ilé ìwòsàn gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ìyàwó rojọ́ níwájú wọn, ó sunkún, àwọn náà bá a sunkún. Wọ́n ní kó sinmi, kó padà wá fìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, kí wọ́n tó lé Sístà lọ pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó padà lọ, ó bọ́ àpò ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀ láti fọ̀ ọ́, oògùn sì dà sílẹ̀ yàà, funfun onílà àti pupa roboto, òmíràn ti fi itọ́ lẹ̀ mọ́ra. Ó ṣa gbogbo wọn, ó dà wọ́n sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fi omi lé wọn lọ, ó wọ aṣọ dúdú rẹ̀, ó jókòó síwájú ìgbìmọ̀, nígbà tí alága sì ní, “Ẹ tún un sọ, mà,” ó tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.