Sójà Inú Ẹ̀jẹ̀ Daddy Tiwa

Nínú yàrá wa ní Lilburn, l'Amẹ́ríkà, Dàpọ̀ ọkọ mi ń ké bí aláboyún tó ń rọbí.

"Mummy Tiwa, Kòrónà fẹ́ pa mí o! Pepper soup yẹn ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Decatur. Èmi ni mo ṣàlàyé fún un pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń jà bíi sójà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, tí àìsàn yìí bá sì le, wọ́n máa ń kú lọ rẹpẹtẹ.

Ó ti wá di orin. "Sójà mi ń kú o! Bu ẹran kún un!"

Lórí prayer line, àdúrà ìjọ wa ti orí fóònù, Pásítọ̀ ń pariwo: "Sójà Brother Dàpọ̀, ẹ dìde!"

Ìjọ ń ṣe àmín. Àmín àwa tí à ń gbààwẹ̀ ò lókun rárá.

Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá dé. Mo kà á sétí gbogbo ìjọ lórí prayer line.

"Sójà Daddy Tiwa pé pérépéré. Kòrónà wọn ò le ju ọ̀fìnkìn lọ."

Pásítọ̀ fèsì.

"Ògo ni f'Ólúwa. Brother Dàpọ̀, ààwẹ̀ ìjọ tí a ní kí ẹ má gbà torí àìsàn, àwa parí tiwa nírọ̀lẹ́ yìí. Tiyín bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ ọkọ mi.

Látọjọ́ tí mo ti ń se pepper soup yìí, mi ò tíì tọ́ ọ wò.