Ẹlẹ́rìí Kejì fún Ondrej

Emil Tokar, ọmọ ìgbìmọ̀ pápá bọ́ọ̀lù, gbé Bíbélì sórí tábìlì ìdáná àwọn Hrivnak, ó tẹ́ ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ́la ni wọn yóò fín orúkọ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nílùú sára òkúta ẹnu ọ̀nà pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. Orúkọ Ondrej Hrivnak ni àwọn àgbà ń pè, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní dandan ni kí ẹni méjì búra pé àwọn fojú rí i lórí pápá. Ẹnì kan ti búra. Bí kò bá sí ẹnì kejì, orúkọ ẹlòmíràn ni wọn yóò fín.

Ludmila, àkọ́bí ilé àti ẹ̀gbọ́n Ondrej, bu kọfí fún àlejò àti fún Juraj, àbúrò rẹ̀ kejì. Ìyá wọn kò jẹ́ kí Ludmila dé pápá rí, ṣùgbọ́n ó ròyìn ohun tó gbọ́: Ondrej a gbé bọ́ọ̀lù sáré, a jù ú, a fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta á, bó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, òun náà ni yóò gbé onítọ̀hún ṣánlẹ̀.

Lọ́dún 1935 ni ihò èédú wó. Ojú òkú tí wọ́n gbé jáde ti bàjẹ́. Àmì idẹ tí awakùsà kọ̀ọ̀kan ń gbà wọlé, tó wà lára rẹ̀, ni wọ́n fi mọ̀ pé Ondrej ni. Ìpínlẹ̀ Ohio ni Juraj wà lọ́jọ́ náà. Ó padà dé tòun ti orúnkún wíwú, ó sì ń tiro títí dòní.

Tokar rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá òun náà máa ń gba àmì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé nígbà tí ọtí bá dá ìyẹn dùbúlẹ̀. Bí ọ̀gá bá mọ̀ pé ẹlòmíràn ló gba àmì wọlé, wọn a lé gbogbo ẹbí kúrò nínú ilé tí iléeṣẹ́ fún wọn.

Ó ti Bíbélì síwájú. “Bàbá Juraj, ẹ ṣáà sọ pé ẹ rí i.”

Juraj gbé ọwọ́ lé e, ó tún gbé e kúrò.

“Mi ò rí i kó gbá bọ́ọ̀lù rí.”

“Nínú ilé kan náà? Àwọn ọ̀mùtí Ohio gan-an rí i nígbà tó ń lọ gbá a gbowó níbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò rí i?”

“Èmi nìkan.”

“Ó dáa. Ẹ ó máa ka orúkọ ẹlòmíràn níbẹ̀ títí ẹ ó fi kú.”

“Ondrej ti ní òkúta kan ní itẹ́ òkú. Ó tó.”

Tokar ká ìwé rẹ̀, ó jáde. Ludmila dúró lójú fèrèsé títí mọ́tò rẹ̀ fi kọjá ṣọ́ọ̀ṣì.

“Mu kọfí rẹ, Ondrej,” ló wí fún àbúrò rẹ̀, “ó ti tutù.”